Àwọn Tí N Kò Kọ Orúkọ Wọn

Òkè Ìgbẹ̀ìn,
Abẹ́òkúta.
Ọ̀sán Sátidé.

Morẹ́nikẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àmójútó ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá rẹ wà dáadáa, ikọ́ rẹ̀ ti lọ. Ó ní gààrí rẹ ti wà nílẹ̀, ẹni tó ń lọ sí Ìlọrin lọ́dọ̀ rẹ tí yóò bá wa gbé e ló kù.

Lánàá tí o pè, ó yẹ kí n bá ọ yọ̀ ju bí mo ṣe ṣe lọ. Kí wọ́n fi ọmọ ẹni ṣe kóòṣì ní ibùdó ìjà ẹ̀ṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀, kó sì tún jẹ́ obìnrin, ohun tí bàbá ń jó sí ni. Ṣùgbọ́n "ó dáa, ó dáa" ni mò ń wí ṣáá, mo gbé fóònù fún ìyá rẹ, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Ìyá rẹ rò pé inú ló ń bí mi. Inú ò bí mi, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí.

O ní àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò mẹ́ta kan wà lọ́dọ̀ yín tí ọ̀gá yín mú ja ìjà ìdánrawò líle lójoojúmọ́, láìdé akoto, fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó lọ sí ìdíje. O ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló borí. O ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, gbogbo àwọn tó kù ló máa bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, ìwọ lo sì máa dúró tì wọ́n. Nígbà tí mo bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú, o rẹ́rìn-ín, o ní, "Bàbá, iye kì í parọ́."

Gbólóhùn yẹn ló lé mi jáde. Èmi náà sọ ọ́ rí, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. O mọ̀ pé mo kọ́ ènìyàn ní ẹ̀ṣẹ́ rí. O ò mọ̀ pé ọdún méjì gbáko wà tí n kò lè fọwọ́ kan ìbọ̀wọ́ kankan, nítorí n kò sọ ọ́ létí rẹ rí. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn lónìí. Jọ̀wọ́, kà á tán kó o tó pè mí.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí. Tí a bá ti jáde lọ́sàn-án, mo máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀ṣẹ́ nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó kòkó sí láyé àtijọ́. Òfìfo ni ilé náà, òrùlé rẹ̀ ga, fèrèsé rẹ̀ kéré. Bí oòrùn bá mú, páànù rẹ̀ á máa ta pà, pà, pà, bí ẹni pé ẹnì kan ń rìn jẹ́jẹ́ lókè orí wa. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ a gbójú sókè. Àwa ti mọ́ ọn lára.

Mo ní ìwé gígùn kan. Orúkọ ẹni tó bá lọ sí ìdíje tó sì borí ni mò ń kọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe múra sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ń ṣọ̀lẹ, inú bí mi, mo ní kó máa bá ẹni tó lágbára jù ú lọ jà lójoojúmọ́ láìdé akoto, kí ojú rẹ̀ lè là. Ó lọ sí ìdíje, ó borí. Mo fi ẹlòmíràn ṣe é, òun náà borí. Ẹnì kẹta, ẹnì kẹrin, ẹnì karùn-ún. Mo sọ ìlànà náà ní "Fi Orí Gbà Á." Mo fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: márùn-ún nínú márùn-ún. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ráhùn pé orí ń fọ́ òun, màá nawọ́ sí ògiri, màá ní, "Iye kì í parọ́." Ẹni tí kò bá lè gbà á, kó máa lọ. Àwọn kan sì ń lọ. A ò bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ojo la pè wọ́n.

Ẹnì kẹfà ni Ráfíù.

O mọ̀ ọ́n. Bàbá oníṣòwò aṣọ ní Ìjemọ̀ tó máa ń fún ọ ní súìtì nígbà tí o wà ní kékeré ni. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ìmọ̀nàmọ́ná, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Mo fi í sí Fi Orí Gbà Á fún ọjọ́ méjìlá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó ní, "Kóòṣì, mò ń gbọ́ agogo." Mo ní agogo wo? Ó ní agogo kan tó jìnnà. Mo ní kó padà síbi tó ti ń jà.

Gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àbẹ̀kẹ́, n kò tíì rí kí ènìyàn ja irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ráfíù kò ṣe àṣìṣe kankan. Kò ṣẹ́jú. Ojú rẹ̀ kò sì yí padà, ìbáà gbá ènìyàn, ìbáà gba ẹ̀ṣẹ́. Rẹfirí gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, gbogbo ilé pariwo. Ó padà wá sí igun wa, ó jókòó, ó yí orí sí apá òsì díẹ̀, ó ní, "Kóòṣì, ìgbà wo ni wọ́n máa pè wá?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ráfíù, o ti jà. O ti borí!"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ta ló bá mi wọ ìbọ̀wọ́ yìí?"

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Mo bá a tú ìbọ̀wọ́ náà. Ó tún yí orí sí apá òsì díẹ̀, ó ní, "Kóòṣì, ìgbà wo ni wọ́n máa pè wá?" Ohùn kan náà. Ìdánudúró kan náà láàárín "Kóòṣì" àti "ìgbà." Mo dá a lóhùn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó bi mí léèrè ta ló bá òun wọ ìbọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìgbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀keje, àwọn tó wá kí wa ti rọra jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku èmi àti òun nínú yàrá náà.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ìyá rẹ nìyí. Kí n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn, mo kọ́kọ́ fa ìwé mi yọ nínú báàgì, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́fà nínú mẹ́fà. Ó jókòó síwájú mi, ó ń bi mí léèrè ìgbà tí wọn yóò pè é, èmi ń kọ̀wé.

Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ló fara pa. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó sinmi, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ìjà létí rẹ̀. Ìyá Ráfíù kò bú mi. Ó kàn wò mí lójú, ó ní, "Tíṣà, ọmọ tí mo gbé fún yín kọ́ lẹ gbé padà fún mi yìí."

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, orí kunkun ṣì ń ṣe mí. Mísì kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, Fọlákẹ́ lorúkọ rẹ̀, àwọn olùkọ́ tó kù ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù, torí òun ló bí ọ. Mo gbé ìwé mi lọ bá a ní yàrá àwọn olùkọ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ ìṣirò sọ fún mi pé mi ò jẹ̀bi. Mo ní, "Mísì, ẹ wò ó, mẹ́fà nínú mẹ́fà. Ti Ráfíù yìí, àdánwò lásán ni. Ìlànà náà dára."

Ó yẹ ìwé náà wò títí. Ó ní kí n wá sí kíláàsì òun lọ́la.

Ọgọ́ta ọmọ ló wà níbẹ̀. Ó ti fún kálukú wọn ní kọ́bọ̀ onírin kan. Ó ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n jù ú sókè: ẹni tí ojú tó ní àwòrán bá hàn fún kó wà lórí ìdúró, ẹni tí kò bá hàn fún kó jókòó. Nígbà àkọ́kọ́, bí ìdajì jókòó. Wọ́n tún jù ú, ìdajì àwọn tó kù jókòó. Nígbà tí wọ́n jù ú lẹ́ẹ̀karùn-ún tán, ọmọ méjì péré ló ṣì dúró. Gbogbo kíláàsì ń wò wọ́n bí ẹni ń wo abàmì. Fọlákẹ́ bi ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan, ó ní, "Báwo lo ṣe ṣe é?"

Ọmọ náà ní, "Mo máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jù ú, Mà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gbàgbé ọjọ́ náà. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn, àwọn ọmọ tó jókòó gbé kọ́bọ̀ tiwọn sẹ́nu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọgọ́ta ọmọ, kò sí ọ̀rọ̀, kìkì èémí. Mo rí ara mi lórí ìjókòó yẹn, mo rí ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹfun kọ sára ògiri.

Fọlákẹ́ kò wo ojú mi. Ó ní, "Tíṣà, méjì tó dúró lẹ kọ sínú ìwé yín. Àwọn tó jókòó ńkọ́?"

Mo ní, "Mi ò ní ẹni tó jókòó."

Ó ní, "Ènìyàn mélòó ló ti wọ ilé yẹn láti ìgbà tí ìlànà yín ti bẹ̀rẹ̀?"

N kò mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwa méjèèjì jọ lọ sí ilé kòkó. Àṣà wa ni pé kálukú ní ìṣó tirẹ̀ lára ògiri, níbi tó ń fi aṣọ tó fi ń wé ọwọ́ kọ́ sí. Fọlákẹ́ ń ka ìṣó. Mẹ́tàdínlógún ni. Mẹ́fà ni aṣọ wọn mọ́. Aṣọ mọ́kànlá tó kù ti kún fún eruku, kò sẹ́ni tó padà wá mú wọn. Òógùn ti gbẹ sára wọn, wọ́n sì ti gan síbẹ̀ bí ìgbà tí ọwọ́ ṣì wà nínú wọn, àwọn kan di ìkúùkù, àwọn kan la àtẹ́lẹwọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Páànù ń ta pà, pà lókè. Ìyá rẹ ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wá wọn."

Sátidé mẹ́ta la fi wá wọn. Mẹ́rin nínú wọn wà ní pípé: ọ̀kan ti lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ìyàwó kan ti ní kí ọkọ òun yé jà, àwọn méjì ní ó kàn sú wọn ni. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo sì ń sọ òtítọ́ yìí fún ọ kó o má bàa rò pé gbogbo ẹni tó bá lọ ló ṣòfò. Méjì, a ò rí wọn títí dòní. Àwọn márùn-ún tó kù, orí ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ẹnì kan wà nínú Ìgbẹ̀ìn yìí gan-an, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé wa. Ọ̀sán gangan la débẹ̀, oòrùn ń ran, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi aṣọ òkè tó nípọn dí gbogbo fèrèsé yàrá rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú. A gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú òkùnkùn náà pé, "Ẹ káàsán o," n kò rí ojú rẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí léèrè àwọn ará ilé ìdánrawò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bínú rárá. Ó rò pé ìwà ojo òun ló ń da òun láàmú.

Àwa ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Àwa la fún un lórúkọ yẹn.

Nígbà tí a padà, ìyá rẹ fa ìlà sórí bébà, ó kọ mẹ́tàdínlógún lókè, ó pín wọn sábẹ́. N kò lè wo bébà náà pẹ́. Ó tún bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan: "Àwọn tí ẹ ò fi sí ìlànà yìí, tí wọ́n borí, mélòó ni?" Kò sí. Gbogbo ènìyàn ni mo fi sí i. Ó ní, "Gbogbo àwọn tó borí ló mu omi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣé omi ló jẹ́ kí wọ́n borí?"

Nítorí náà, ọmọ mi, ìmọ̀ràn mi rèé. Kì í ṣe pé mo kórìíra iye. Iye ló gbà mí. Ìwọ lo kàwé ìṣirò jù mí lọ, àmọ́ èmi ni mo ti san owó ẹ̀kọ́ yìí.

Èkíní, ọjọ́ tí ènìyàn bá wọlé ni kó o kọ orúkọ rẹ̀, má dúró di ọjọ́ tó bá borí. Bó bá lọ, má pa á rẹ́. Kọ ìdí tó fi lọ síwájú orúkọ rẹ̀, bí o ò bá sì mọ̀ ọ́n, lọ bi í. Ìwé tó jẹ́ kìkì orúkọ àwọn tó borí, ìwé ìyìn ni, kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́.

Èkejì, igi kan kì í dágbó ṣe, mẹ́ta kì í sì ṣe é. Márùn-ún tèmi kò tó nǹkan, mẹ́ta tiyín kéré jù ú lọ. Bí ó bá ń ṣe ọ́ bíi pé ó tó, mú kọ́bọ̀ kan tàbí ohunkóhun tó ní ojú méjì, máa jù ú títí ojú kan náà yóò fi hàn lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Kò ní pẹ́. Kó o wá bi ara rẹ léèrè ohun tí kọ́bọ̀ náà mọ̀. Ìdíje kì í pọ̀ nínú ọdún, nítorí náà má fi borí tàbí kò borí nìkan wọn ènìyàn. Ka ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ṣẹ́ tí ó jù, mélòó ló bà? Ní abala tó kẹ́yìn, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń padà sí àgbọ̀n? Bí o bá ka ìyẹn fún oṣù mélòó kan, lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tó wà níbẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdánrawò tuntun kan ṣe dáadáa, pín wọn sí méjì, kí apá kan ṣe tuntun, kí apá kejì máa ṣe ti tẹ́lẹ̀. Má fi ojú ara rẹ yàn wọ́n. Ká orúkọ wọn sínú bébà, dà wọ́n sínú fìlà, jẹ́ kí ẹlòmíràn mú wọn. Èmi fojú yàn ẹni tó máa lọ sí ìdíje, ta ni mo sì ń yàn? Àwọn tó lágbára jù. Wọn ì bá borí bí mo bá ní kí wọ́n máa jẹ ẹ̀pà lójoojúmọ́.

Ohun kan tún wà tí ìyá rẹ fi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọmọ kan bá jà lọ́nà tó burú jáì, mo máa ń fi ìyà jẹ ẹ́, ìjà tó kàn a sì dára sí i. Bí ọ̀kan bá jà lọ́nà tó dára jù, tí mo yìn ín, ìjà tó kàn a rọ̀ sílẹ̀. Mo wá gbà pé ìyìn ń ba ènìyàn jẹ́, ìyà ló ń tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbé ìgbàgbọ́ burúkú yẹn kiri. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti ṣubú dé ilẹ̀, níbo ló kù tó máa lọ ju òkè lọ? Ẹni tó bá sì wà ní ṣóńṣó, sísọ̀kalẹ̀ ló kù fún un. Ọjọ́ burúkú kan kì í ṣe ènìyàn náà, ọjọ́ rere kan kì í sì í ṣe òun. Yin àwọn ọmọ rẹ.

Má sì ṣe dá kíkà dúró níbi tó bá ti dùn mọ́ ọ. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, kọ ọjọ́ tí wàá parí àti ohun tí wàá kà sílẹ̀, fún ẹlòmíràn mú dání. Èmi máa ń parí níbi tí mo bá ti ń borí.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. O lè sọ pé, "Bàbá, bí mẹ́ta kò bá tó, ẹ jẹ́ kí n fi ogún ṣe é ká lè mọ̀ dájú." Rárá o. Tó bá jẹ́ okùn fífò lo fẹ́ dán wò, tàbí oúnjẹ, tàbí wákàtí oorun, fi ogún ṣe é, fi ọgọ́ta ṣe é. Àmọ́ ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Kí a tó gbà pé nǹkan ń ṣe ènìyàn lóore, a nílò ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí a tó dáwọ́ ohun tó ń fọ́ orí dúró, ẹnì kan ti tó. Ráfíù nìkan ti tó. Síbẹ̀, ẹnì keje ni mo ń dúró dè nígbà náà.

Mo sọ pé márùn-ún ni àwọn tó ń ṣàìsàn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀ ni, torí ọwọ́ mi kì í gbà láti kọ ọ́. Jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí.

Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀. Wásinmi ni ilé ìyá rẹ̀, níbi tí ìyá náà ti ń dáko ẹ̀gẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò lọ́dọ̀ mi. Kí n sọ òtítọ́, ojú rẹ̀ ti pòórá lọ́kàn mi. A débẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ọyẹ́ mú, gbogbo àyíká funfun, a ò rí òpin oko. Ìyá náà mú àga fún wa, ó bu omi fún wa. Ó ní Sámúẹ́lì wà lẹ́yìnkùlé.

Ó jókòó lórí àpótí kan, ó kọjú sí ògiri. A kí i, kò dáhùn. Lójijì, agogo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan dún lódìkejì ọ̀nà. Sámúẹ́lì dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi àgbọ̀n pamọ́ sẹ́yìn èjìká gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí ìka ẹsẹ̀. Kò ju ẹ̀ṣẹ́ kankan. Ó kàn ń gbà á. Orí rẹ̀ ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yẹ̀ sósì, nígbà míì a sì ta gìrì sẹ́yìn bí ẹni pé nǹkan bà á, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀, àfi ògiri. Ibi tó ń tẹ̀ ti jìn wọ ilẹ̀ bí ojú ọ̀nà.

Ìyá náà ní, "Bí wọ́n bá tún lù ú, yóò jókòó. Ojoojúmọ́ ni. Ọjọ́ tí wọn kì í bá lọ sílé ìwé nìkan ló máa ń sinmi. Sátidé òní, wọ́n ní ẹ̀kọ́ àfikún."

N kò mọ ìgbà tí mo rìn lọ bá a. Mo ní, "Sámúẹ́lì. Sámúẹ́lì, ìjà ti parí."

Ó dúró. Ó yíjú sí mi, ó dá mi mọ̀. Mo rí i pé ó dá mi mọ̀. Ó ní, "Kóòṣì, ta ló borí?"

Ìyá rẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Sámúẹ́lì ló dá a lóhùn láti ibi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó dà bí ẹni tó ti dáhùn ìbéèrè náà ní àìmọye ìgbà. Ó ní, "Ìwọ ni, ọkọ mi. Ìwọ lo borí. Jókòó."

Ó jókòó.

Ìyá náà wá wo ìwé gígùn tó wà lábẹ́ apá mi. Ó ní, "Tíṣà, ṣé orúkọ rẹ̀ lẹ wá kọ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ dáadáa nígbà náà."

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo kọ ọ́, ó dúró tì mí títí mo fi kọ ọ́ tán. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì bi í léèrè mọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Sámúẹ́lì tún lò láyé. Ṣé o rántí àwọn Sátidé tí mo máa ń jáde láàárọ̀ tí ìyá rẹ máa ń sọ pé iṣẹ́ ni mo lọ? Wásinmi ni mò ń lọ. Mo máa ń bá ìyá náà ro ẹ̀gẹ́, mo máa ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ rí dókítà nígbà tí ara bá gbà á. Ráfíù ní tirẹ̀ gbádùn lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó gbéyàwó, ó bímọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún. Àmọ́ ìjà ọjọ́ yẹn kò sí nínú orí rẹ̀. Bí a bá pàdé, ó máa ń ní, "Kóòṣì, ẹ tún sọ fún mi bí mo ṣe jà." Mo máa ń sọ ọ́, ó sì máa ń gbọ́ ọ bí ìtàn ẹlòmíràn tó ti kú.

Ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí, òun ni yóò fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lálẹ́ yìí. Ó ní kí n yọ ọ̀rọ̀ pé àwọn olùkọ́ ń bẹ̀rù ẹnu òun. Mi ò yọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́, n kò pàṣẹ fún ọ. O ti dàgbà, ilé iṣẹ́ rẹ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀gá yín lè bínú, mo mọ̀ pé o lè pàdánù ipò tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, máa bọ̀ wálé, yàrá rẹ mọ́, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ni ọ̀la, iṣẹ́ ò sí. Wádìí orúkọ àwọn tó ti kúrò ní ibùdó yín láti ìgbà tí ọ̀gá yín ti bẹ̀rẹ̀ ìlànà yìí. Mú ìwé tí kò ní nǹkan kan nínú dání, lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Bí ìyá ẹnì kan nínú wọn bá ṣílẹ̀kùn, má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Jókòó. Gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, mu ún, kó o sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

Orí rẹ kò ní fọ́, orí àwọn tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́ kò sì ní fọ́, láṣẹ Ọlọ́run.

Èmi bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìgbẹ̀ìn.